Bàálù Ò Níbi Tó Lè Páàkì Sí Lókè: Ohun Tí Àwọn Òṣìṣẹ́ Ọkọ̀ Ṣe Nígbà Tí Òrùlé Bàálù Wọn Ṣí Lọ

  

Lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́ tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan jáde tí a rò pé ó yẹ ká gbé sínú ìwé yìí. Méjì nínú àwọn tiwa tó máa ń lọ kó aṣọ àti bàtà ní Dubai ló ń sọ bí bàálù tí wọ́n wọ̀ bọ̀ ṣe mì jìgìjìgì lókè, tí oníkálukú ń pe Ọlọ́run rẹ̀. Ìyá àgbà kan tó ń ta èlùbọ́, tí kò wọ bàálù rí, wá bi wọ́n pé: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, bí dánfó bá bàjẹ́ lọ́nà, dírẹ́bà á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á sọ̀ kalẹ̀, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò. Bí bàálù bá wá bàjẹ́ lókè ńkọ́? Ibo ló máa páàkì sí?"

Ẹ̀rín la fi ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu wa. Kò sẹ́ni tó lè dá Ìyá lóhùn, títí kan àwọn tó ti wọ bàálù lọ tó ti wọ̀ ọ́ bọ̀ láìmọye ìgbà.

A wá lọ wádìí. Ìdáhùn ìbéèrè Ìyá ni pé kò síbi tí bàálù lè páàkì sí lókè. Bó bá bàjẹ́, pẹ̀lú ìbàjẹ́ náà ni àwọn tó ń wà á yóò máa wà á lọ, títí wọn yóò fi rí ilẹ̀ tí wọ́n lè bà sí. Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa, a mú ìtàn kan wá. Ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni, ìjọba Amẹ́ríkà sì wádìí rẹ̀ fínnífínní. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kì í ṣe fún ẹni tó ń wọ bàálù nìkan. Ìyá elélùbọ́ pàápàá ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀.

ỌKỌ̀ TÍ KÌ Í SINMI

Láàárín òkun Pàsífíìkì, àwọn erékùṣù kan wà tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà, Hawaii ni wọ́n ń pè wọ́n. Omi ló yí gbogbo wọn ká. Ẹni tó bá fẹ́ tètè dé erékùṣù kejì, bàálù ni yóò wọ̀, bí àwa ṣe ń wọ dánfó láti Ọjọ́tà lọ sí Òṣòdì. Ilé iṣẹ́ Aloha Airlines wà lára àwọn tó ń ná ọ̀nà yìí nígbà náà. (Ilé iṣẹ́ náà ti dẹ́kun kíkó èrò láti ọdún 2008.)

Ọ̀kan nínú bàálù wọn jẹ́ Boeing 737 tí wọ́n ṣe ní ọdún 1969. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin ọdún 1988, bàálù yìí ti gbéra, ó sì ti balẹ̀, ní ìgbà 89,680. Ẹ tún un kà o. Nínú gbogbo Boeing 737 tó wà láyé nígbà náà, ẹyọ kan péré ló ti gbéra jù ú lọ.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1988, ó ti lọ, ó ti bọ̀, lẹ́ẹ̀mélòó kan láti àárọ̀. Ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú 25 lọ́sàn-án, ó tún gbéra láti ìlú Hilo, ó dorí kọ Honolulu. Èèyàn 95 ló wà nínú rẹ̀: èrò 89, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ márùn-ún, àti òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó jókòó sẹ́yìn àwọn awakọ̀.

Ọ̀gá awakọ̀ ni Robert Schornstheimer, ẹni ọdún 44. Igbákejì rẹ̀ ni Madeline Tompkins, ẹni ọdún 36, obìnrin bí tiwa. Òun gan-an ló ń wa bàálù náà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n gbéra. Àwọn mẹ́ta tó ń tọ́jú èrò, obìnrin ni gbogbo wọn. Clarabelle Lansing, ẹni ọdún 58, ni ọ̀gá wọn. Ọdún 37 ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà.

ARIWO KAN ṢOṢO

Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí wọ́n gbéra, bàálù ti dé gíga ẹsẹ̀ bàtà 24,000. Ojú ọ̀run mọ́, ìjì ò jà. Lansing dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ìjókòó karùn-ún, ó ń gba kọ́ọ̀bù lọ́wọ́ àwọn èrò. Iṣẹ́ tó ti ṣe láìmọye ìgbà ni.

Lójijì, ariwo kan dún gbàà! Òrùlé bàálù ṣí lọ. Ẹ jọ̀ọ́, a ò sọ pé ihò kékeré kan ló lu o. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn iwájú lọ sẹ́yìn, tó ẹsẹ̀ bàtà 18, òrùlé àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títí dé ìpele ilẹ̀ tí èrò ń tẹ̀, gbogbo rẹ̀ ya, ó bá afẹ́fẹ́ lọ. Ibi tó ṣí sílẹ̀ náà gùn ju dánfó kan lọ.

Afẹ́fẹ́ gbá Clarabelle Lansing jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n wá a títí lójú òkun, wọn ò rí i dòní. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Òun nìkan ló bá a lọ. Kí ló dé tí àwọn èrò tó jókòó síbi tí òrùlé ti ṣí ò ṣubú jáde? Iná tó ń sọ pé kí wọ́n de bẹ́líìtì ṣì wà ní títàn, gbogbo èrò ló sì wà nínú bẹ́líìtì wọn. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, tí àwọn kan nínú wa máa ń tú kí bàálù tó gúnlẹ̀ sókè dáadáa, òun ló di wọ́n mú sórí ìjókòó bí afẹ́fẹ́ ṣe ń nà wọ́n lójú, tí òkun sì wà nísàlẹ̀.

OHUN TÍ ÀWỌN AWAKỌ̀ ṢE

Ọ̀gá awakọ̀ yíjú wẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn tó wà láàárín àwọn àti èrò ti lọ. Níbi tó yẹ kó ti rí àjà, ojú ọ̀run aláwọ̀ búlúù ló rí.

Àwọn awakọ̀ bàálù ní ìwé kan tí wọ́n ń tẹ̀ lé bí nǹkan bá bàjẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ẹ ṣe báyìí. Bí iná bá ń jó, ẹ ṣe báyìí. Ṣùgbọ́n kò sí ojú ìwé kankan tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé "bí òrùlé bá ṣí lọ". Ohun tí wọ́n ní ni ètò tí wọ́n fi ń kọ́ gbogbo awakọ̀ bàálù lágbàáyé: kọ́kọ́ wa ọkọ̀ rẹ, lẹ́yìn náà, mọ ibi tí ò ń lọ, lẹ́yìn náà ni kó o tó sọ̀rọ̀.

Ètò yìí jọ ohun tí àwa náà mọ̀. Bí epo bá gbiná nínú agbada alákàrà, ẹni tó gbọ́n kì í kọ́kọ́ sáré lọ pe aládùúgbò. Yóò kọ́kọ́ pa iná tó wà lábẹ́ rẹ̀, yóò bo agbada náà, kó tó pariwo. Ẹni tó bá ń pariwo kó tó pa iná, ilé á ti jó kí aládùúgbò tó dé.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe tò ó.

Èkíní, wọ́n fi ìbòmú tó ń fún èèyàn ní ọ́síjìn bo imú ara wọn. Lókè lọ́hùn-ún, afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ gan-an. Bí èèyàn bá wà níbẹ̀ láìsí ọ́síjìn, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ làákàyè rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, kò sì ní mọ̀ pé ó ń dàrú. Awakọ̀ tí orí rẹ̀ bá dàrú, ta ni yóò gba èrò là?

Èkejì, ọ̀gá awakọ̀ gba ìdarí ọkọ̀, ó sì dorí rẹ̀ kọ ìsàlẹ̀. Kì í ṣe pé bàálù ń já bọ́ o, òun ló mọ̀ọ́mọ̀ ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kíákíá, débi pé nígbà mìíràn ó ń sọ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4,100 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìdí pàtàkì wà fún ìkánjú yìí. Páìpù tó ń gbé ọ́síjìn lọ fún àwọn èrò ti já nígbà tí òrùlé ya. Ìbòmú kankan ò lè ràn wọ́n lọ́wọ́ mọ́. Oògùn kan ṣoṣo tó kù ni kí wọ́n tètè dé ìsàlẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti nípọn, tí èèyàn ti lè mí fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, wọ́n pín iṣẹ́. Kò sí pé àwọn méjèèjì ń du ọwọ́ ìdarí mọ́ra wọn lọ́wọ́. Tompkins tó ń wà á tẹ́lẹ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, ó gba iṣẹ́ rédíò àti ti àwọn bọ́tìnnì. Ariwo afẹ́fẹ́ pọ̀ débi pé wọn ò gbọ́ ohùn ara wọn, àfi kí wọ́n máa fọwọ́ ṣàpèjúwe, bí kọ̀ńdọ́ àti dírẹ́bà ṣe máa ń ṣe nínú ariwo gáréèjì. Àwọn méjì tó bá mọ iṣẹ́ ara wọn, ọwọ́ nìkan ti tó wọn láti fi bára wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹrin, wọ́n pe ilẹ̀. Tompkins tẹ nọ́ńbà 7700 sínú ẹ̀rọ wọn. Nọ́ńbà yìí, kárí ayé ló jẹ́ àmì "ẹ gbà wá o", tó ń hàn lójú ẹ̀rọ àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfuurufú. Ó pe àwọn ará Honolulu lórí rédíò, wọn ò gbọ́ ọ. Kò bínú ju rédíò sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó pe àwọn ará erékùṣù Maui, ó pè, ó tún pè, títí wọ́n fi gbọ́ ọ. Ó ní kí wọ́n kó àwọn ọkọ̀ pàjáwìrì jáde.

Ẹ̀karùn-ún, wọ́n yí ibi tí wọ́n ń lọ padà. Honolulu ni èrò sanwó fún, ṣùgbọ́n pápákọ̀ Kahului ní Maui ló sún mọ́ wọn jù. Ibẹ̀ ni wọ́n kọrí sí. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ ń já lórí kì í sọ pé ìsọ̀ òun ni òun fẹ́ dé dandan. Ibi tó bá ti rí ìrọ̀rùn ni yóò ti sọ̀ ọ́.

OHÙN BÀÁLÙ FÚNRA RẸ̀

Wàhálà ò tán síbẹ̀. Bí bàálù bá fẹ́ balẹ̀, ṣe ló máa ń dín eré kù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń dín in kù, wọ́n rí i pé bí eré bá ti wálẹ̀ ju nǹkan bí kìlómítà 315 ní wákàtí kan lọ, bàálù á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò sì ní fẹ́ gbọ́ràn sí ọwọ́ ìdarí mọ́. Ohun tó mọ́ wọn lára ni kí wọ́n rọra balẹ̀. Bàálù sọ fún wọn pé bí ẹ bá rọra, n ò ní gbọ́ tiyín mọ́. Ohùn bàálù ni wọ́n gbọ́. Wọ́n pinnu láti fi eré tó ju bó ṣe yẹ lọ balẹ̀. Ìdí nìyí tí awakọ̀ tó mọṣẹ́ fi máa ń dán ọkọ̀ tó bàjẹ́ wò nígbà tó ṣì wà lókè, kó lè mọ ohun tó ṣì lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe mọ́, kó tó dé ilẹ̀ níbi tí kò ti sí àyè àtúnṣe.

Ẹ́ńjìnnì apá òsì kú. Wọ́n gbìyànjú láti tún un tan, kò jẹ́. Wọ́n já àwọn ẹsẹ̀ bàálù sílẹ̀, iná tó yẹ kó fi hàn pé ẹsẹ̀ iwájú ti dúró dáadáa kò tàn. Wọ́n lo ọ̀nà kejì tí wọ́n fi ń já a sílẹ̀, iná náà ò tàn síbẹ̀. Kí ni kí wọ́n ṣe? Ṣé kí wọ́n tún yípo lókè kí wọ́n lè wò ó dáadáa? Pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì kan, pẹ̀lú ọkọ̀ tó ti ya láàárín, ọ̀gá awakọ̀ rí i pé ìdúró léwu ju bíbalẹ̀ lọ. Ó yan èyí tí ewu rẹ̀ kéré. Kì í ṣe gbogbo ìgbà la máa ń rí ohun tó dára yàn. Nígbà mìíràn, èyí tí kò burú tó èkejì la máa yàn, ká sì dúró tì í.

ÌWỌ̀NBA TÍ AGBÁRA WỌN MỌ

Ní ẹ̀yìn, níbi tí àwọn èrò wà, ọ̀rọ̀ ò rọrùn rárá. Òṣìṣẹ́bìnrin kejì, tó wà nítòsí iwájú, páànù tó ń fò ti bà á lórí, ó ṣubú, ó fara pa gidigidi. Àwọn awakọ̀ pe àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀yìn lórí ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó ku òṣìṣẹ́bìnrin ẹ̀kẹta, ẹni tó wà lápá ẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ ti gbé òun náà ṣánlẹ̀, ara rẹ̀ bó. Kò lè dìde dúró nítorí pé afẹ́fẹ́ á gbé e lọ bó ṣe gbé ọ̀gá rẹ̀ lọ.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó ń rákò. Ó fi àyà wọ́lẹ̀ láàárín ìjókòó, ó ń lọ síwájú, ó ń bọ̀ sẹ́yìn, ó ń ran àwọn èrò lọ́wọ́, ó ń pa ẹ̀rù wọn rẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ti lọ, ẹnìkejì rẹ̀ ti dákú sílẹ̀. Kò ní kí iṣẹ́ dúró títí ẹnìkan á fi wá sọ ohun tí òun máa ṣe. Àwa tí à ń gba ọmọ iṣẹ́, irú ẹni báyìí là ń wá.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago méjì lù, nǹkan bí ìṣẹ́jú 13 lẹ́yìn tí òrùlé ṣí, bàálù náà balẹ̀ ní Kahului. Ẹsẹ̀ iwájú dúró ṣinṣin, iná tí kò tàn nìkan ló bàjẹ́. Wọ́n dá a dúró, wọ́n sì kó èrò jáde. Erékùṣù náà kò ní ọkọ̀ aláìsàn tó pọ̀ tó, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó àwọn àlejò káàkiri ìlú ni wọ́n fi gbé àwọn tó fara pa lọ sílé ìwòsàn. Èèyàn 65 ló fara pa, mẹ́jọ nínú wọn sì fara pa gan-an. Ṣùgbọ́n nínú èèyàn 95, àwọn 94 ló rí ilẹ̀ padà.

KÍ LÓ ṢÍ ÒRÙLÉ NÁÀ?

Ibí yìí lọ́rọ̀ ti kan gbogbo wa. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Nítorí pé afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ lókè, ẹ̀rọ máa ń fún afẹ́fẹ́ sínú bàálù kí èrò lè mí dáadáa. Bí bọkanáísà ṣe ń fún táyà ni. Bí bàálù bá gòkè, inú rẹ̀ á wú díẹ̀. Bó bá balẹ̀, á rọ̀. Ojú ò lè rí i, ṣùgbọ́n páànù ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń gé wáyà tí a ò ní ọ̀bẹ: a ó tẹ̀ ẹ́ síbí, a ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, títí yóò fi dá fúnra rẹ̀. Bàálù yìí ti wú, ó sì ti rọ̀, ní ìgbà 89,680.

Àwọn tó ṣe irú bàálù yìí ṣírò rẹ̀ fún wákàtí 51,000 àti ìgbéra 75,000. Ní ti wákàtí, kò tíì pé 36,000 tó ti lò lókè. Ẹni tó bá fi wákàtí kà á, yóò ní kò tíì gbó. Ẹni tó bá fi ìgbà tó gbéra kà á, yóò ní ó ti kọjá ààlà tipẹ́. Ẹ wo dánfó tó ń ná Ọjọ́tà sí Òṣòdì àti bọ́ọ̀sì ńlá tó ń lọ Kánò. Bọ́ọ̀sì Kánò rìn jìnnà jù ú lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn dánfó ni yóò kọ́kọ́ já, nítorí pé òun ni wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń tì ní gbogbo ibùdókọ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, orí òkun ló ń fò ní gbogbo ìgbà, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ń bà á lára. Níbi tí páànù méjì ti gun ara wọn, gọ́ọ̀mù àti ìṣó kéékèèké ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀. Gọ́ọ̀mù ṣí, omi wọlé, ìpẹtà bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wàhálà wá di ti ìṣó nìkan. Ihò ìṣó kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í sán díẹ̀díẹ̀. Ẹyọ kan nínú wọn ò lè ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé rìsíìtì wa, tí wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí láàárín. Bí ẹ bá fà á díẹ̀, ṣé kì í ya tààrà láti òkè délẹ̀? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òrùlé náà ṣe ya.

Ṣé wọn ò yẹ ọkọ̀ náà wò ni? Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tó ṣe bàálù ti kọ̀wé kìlọ̀ nípa àwọn ojú ìsopọ̀ yìí. Ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ àyẹ̀wò ní 1987, àmọ́ apá kan péré ni àṣẹ náà kàn. Òru ni wọ́n sábà máa ń ṣe àyẹ̀wò náà, nítorí pé bàálù gbọ́dọ̀ bọ́ sọ́nà láàárọ̀. Ẹni tó ń wo ìṣó lẹ́yìn ìṣó lóru, tí oorun ń kùn, tí ilẹ̀ sì ń mọ́ bọ̀, ojú rẹ̀ lè fo èyí tó sán. Nígbà tí àjọ NTSB, tó ń wádìí jàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1989, ohun tó sọ ni pé ètò ìtọ́jú ọkọ̀ ilé iṣẹ́ náà kùnà láti rí ìbàjẹ́ tó ti wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan rí i o! Nínú àbọ̀ àjọ náà, obìnrin kan nínú àwọn èrò sọ pé bí òun ṣe ń wọ bàálù ní Hilo, òun rí ibi tó sán lára rẹ̀, nítòsí ilẹ̀kùn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó wọlé, ó jókòó, ó de bẹ́líìtì rẹ̀.

A ò dá a lẹ́bi. Ta ni nínú wa tó máa sọ? Ohun tí gbogbo wa ń sọ náà ni: "Àwọn tó ni í mọ̀ ọ́n." "Ta ni mo jẹ́ tí mo fẹ́ kọ́ páílọ́ọ̀tì níṣẹ́?" "Kí wọ́n má lọ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́." Ìtìjú yìí ló pa á lẹ́nu mọ́. Bó bá sọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì ṣeé ṣe kí ẹnìkan lọ wò ó.

Lẹ́yìn jàǹbá náà, nǹkan yí padà. Ní 1988 kan náà, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin tó mú kí wọ́n máa ṣèwádìí lórí bàálù tó ti gbó. Ní 2010, ìjọba wọn pàṣẹ pé kí àwọn tó ń ṣe bàálù ńlá fi ààlà sí iye ìgbéra tàbí iye wákàtí tí àyẹ̀wò wọn lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Ẹ̀mí obìnrin kan ni wọ́n fi ra ọgbọ́n yìí.

ÀWA TÍ À Ń WỌ BÀÁLÙ

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ Dubai, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ Ṣáínà, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ Mẹ́kà, ẹ mú nǹkan márùn-ún yìí dání:

1. Ẹ de bẹ́líìtì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wà lórí ìjókòó, bí iná rẹ̀ tiẹ̀ ti kú. Òrùlé ò kìlọ̀ kó tó ṣí.

2. Bí ìbòmú bá já bọ́ látòkè, ẹ kọ́kọ́ fi ti ara yín, kí ẹ tó fi ti ọmọ yín. A mọ̀ pé ọkàn ìyá ò gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tó bá dákú ò lè gba ọmọ là.

3. Kí ìbòmú náà bo imú àti ẹnu pọ̀.

4. Bí wọ́n bá ní kí ẹ jáde kíá, ẹ fi báàgì sílẹ̀. Ọjà tó bá ṣòfò ṣeé tún rà.

5. Bí ẹ bá rí ohun tó sán, tó ń jò, tó ń rùn bí iná, ẹ pe òṣìṣẹ́ ọkọ̀, kí ẹ fọwọ́ tọ́ka sí i. Bó bá jẹ́ pé kò sí nǹkan kan, ìtìjú ìṣẹ́jú kan ni. Ìtìjú kì í pani.

ÒPÓ TÓ SÁN LỌ́JÀ TIWA

Ìyá elélùbọ́, ìpín tiyín rèé. Àwa náà ní bàálù tiwa tó ń sán.

Ní àkókò òjò kan tó kọjá, òpó ìsọ̀ kan lọ́wọ́ ẹ̀yìn ọjà wa sán. A bèèrè lẹ́yìn náà, ó kéré tán, mẹ́rin nínú wa ló ti rí i. Ọ̀kan ní òun rò pé onílé mọ̀. Ọ̀kan ní kì í ṣe ìsọ̀ òun. Ọ̀kan fi kàlẹ́ńdà bò ó kí oníbàárà má bàa rí i. Ẹ̀kẹrin wà lára àwa tí à ń kọ ìwé yìí, a sì jẹ́wọ́ rẹ̀ níbí: a rí i, a kọjá lọ, a ní ó dìgbà tí ìpàdé bá dé. Ìpàdé ò tíì dé tí òpó náà fi wó lóru, òrùlé ṣubú lé ọjà onílẹ̀kẹ̀ kan mọ́lẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wá tó fi jẹ́ òru. Ká ní ọ̀sán ni, nígbà tí ọmọ máa ń sùn sábẹ́ tábìlì níbẹ̀, orí wa ò bá má ṣeé gbé níta.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ògiri máa ń lanu kó tó wó. Ẹnu èèyàn ni kì í là.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ ti fẹnu kò pé ẹni tó bá rí òpó tó sán, wáyà iná tó ti bó, tàbí páànù tó ti ṣí, kó wá sọ ọ́ fún akọ̀wé lọ́jọ́ kan náà. Kò gbọ́dọ̀ dúró de ìpàdé. A ó kọ ọ́ sínú ìwé, a ó lọ wò ó. Ẹnikẹ́ni tó bá fi alárìíwísí ṣe yẹ̀yẹ́ yóò gbọ́ tẹnu Ìyálọ́jà.

Àwọn awakọ̀ wọ̀nyẹn ṣe iṣẹ́ ńlá, a kí wọn. Òṣìṣẹ́bìnrin tó ń rákò ṣe iṣẹ́ ńlá, a kí i. Ṣùgbọ́n ká ní ẹnìkan lanu sọ̀rọ̀ ní Hilo lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, bóyá iṣẹ́ ńlá kankan ò bá má sí láti ṣe, bóyá Clarabelle Lansing ì bá gba kọ́ọ̀bù rẹ̀ tán, kó sì lọ sílé.

Ẹ kú ọjà o. Ẹ wo òpó ìsọ̀ yín kí ẹ tó pàtẹ lọ́la.